Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iléru dígí wọ yàrá tí ẹ ń sùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ bínú díẹ̀ lónìí. Ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn.

Gbogbo fídíò tí mò ń rí lọ́sẹ̀ yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà dígí nínú yàrá rẹ, owó táṣẹ́rẹ́, ọ̀la ni wàá ti máa tà." Irọ́ ni! Èmi náà ń fi fídíò jẹun, mo mọ bí a ṣe ń gé ibi tí kò dáa kúrò. Èmi gan-an ti gé e rí.

Fídíò tèmi tí ẹ fẹ́ràn jù, èyí tí mo ti ń lọ ẹnu ìgò wáìnì kó lè dán, ẹ ò rí ìyá mi tó ń wúkọ́ ní pálọ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ dígí láìda omi sí i, mo wá gbé ìgbálẹ̀, mo ń gbá eruku rẹ̀ bí ẹni ń gbá àgbàlá. Omi la fi ń lọ dígí o. Aṣọ tútù la fi ń nu eruku rẹ̀. Ta ló sọ ìyẹn fún mi nínú fídíò? Kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé sílíńdà gáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí, níbi tí mátíréèsì yín wà.

Iléru oníná náà nìyẹn. Ìgò gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 800°C kó tó yọ́ mọ́ra. Tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi ní nǹkan bí 500 sí 550, kó wá máa tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. NEPA ò mọ ìyẹn. Wọ́n mú iná lọ láago méjì òru, mo jí bá àwo mẹ́fà tó ti là.

Ẹnì kan á ní "iṣẹ́ òyìnbó ni, fi sílẹ̀." Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre. Ní Igbó Olókun n'Ílé-Ifẹ̀, àwọn babańlá wa ti ń ṣe dígí fúnra wọn láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá. Nígbà tí Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe yàrá ìbùsùn ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Mo ṣì ń ṣe é, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni mo kó o lọ, lábẹ́ páànù, torí ìyá mi ní kí n kó o jáde tàbí kí òun kó jáde.

Mo ti yọ fídíò yẹn kúrò. Owó rẹ̀ dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kọ́ọ̀sì "ọjọ́ méjì, o ti dọ̀gá", ẹ fi ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ hàn wá, láìgé e. Mò ń dúró.