Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹfà
Láti ọwọ́ Ọmọ Yemẹtu

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù kò ṣàjèjì ní Yemẹtu ní Ìbàdàn mọ́. Pásítọ̀ ń bèèrè ìwé àyẹ̀wò, àáfà ń bèèrè kó tó so yìgì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí tọkọtaya sọ ohun tí A àti S dúró fún, ẹnu á wọhò. Ìwé àyẹ̀wò dé ọwọ́ aráàlú, àlàyé kò bá a dé.

A àti S kì í ṣe àmì orí burúkú. Orúkọ oríṣi hẹmoglóbìn méjì ni, èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Purotéènì ni hẹmoglóbìn, purotéènì sì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Amino acid ni ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Okùn mẹ́rin ló para pọ̀ di hẹmoglóbìn kan. Méjì nínú wọn ń jẹ́ beta, ìlẹ̀kẹ̀ 146 ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1957 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Vernon Ingram fi hàn ní Cambridge pé ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló ya A sọ́tọ̀ sí S: glutamic acid ló wà níbẹ̀ nínú A, valine ló gba ipò rẹ̀ nínú S. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà lórí okùn beta ni.

Báwo ni ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣe ń da odidi èèyàn láàmú? Ilé ìdáná ni ìdáhùn wà. Bí epo pupa bá kán sínú omi, kì í bá omi rẹ́. Ẹ̀kán epo á máa wá ẹ̀kán epo títí wọn yóò fi kóra jọ. Glutamic acid fẹ́ràn omi. Ìwà epo ni ti valine. Bí hẹmoglóbìn S bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, ojú ibi tó ní ìwà epo yìí á lẹ̀ mọ́ òmíràn, wọn á di ọ̀pá gígùn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé. Òun ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, òun ló ń fa ìrora tí àwọn àgbà fi sọ àrùn sẹ́ẹ̀lì dòjé ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Àwọn kan ní ìjìnlẹ̀ yìí ti pọ̀ jù fún ará ọjà, kí ó mọ lẹ́tà náà, ó tó. Kò tó. Ẹni tó mọ lẹ́tà nìkan ló ń ti ilé àyẹ̀wò kan dé òmíràn kí AS lè di AA, tàbí tó ń ra àgbo sí i. Ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ mọ̀ pé àgbo kì í tún un sín. Ó mọ ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń pariwo omi mímu: bí omi bá dínkù nínú sẹ́ẹ̀lì, hẹmoglóbìn á fún mọ́ra, lílẹ̀ á yá. Ó mọ̀ pé AS kì í ṣe aláìsàn, nítorí A tó wà láàárín kì í jẹ́ kí S ráyè lẹ̀ mọ́ra. Ó sì mọ̀ pé ọmọ SS gba S kan lọ́dọ̀ bàbá, ó gba S kan lọ́dọ̀ ìyá. Ìyá nìkan kọ́ ni wọ́n máa pè ní ìyá àbíkú.

Okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan, abọ́ omi kan, ẹ̀kán epo díẹ̀: ohun tí nọ́ọ̀sì nílò níwájú àwọn aláboyún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní èdè Yorùbá. Aráàlú ti sanwó àyẹ̀wò. Àlàyé kì í ṣe ènì. Ara ọjà tí wọ́n rà ni.