Ọ́ìlì lásán ni mo ní kí wọ́n pààrọ̀
Ọ́ìlì lásán o, l'Ẹrúnmu! Ọmọṣẹ́ ò de nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹnjìnnì dáadáa. Kí n tó dé Ẹgbẹ́dá, ọ́ìlì ti dà tán, ẹnjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Mọ́tò yín ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀."

Òfin wà o. Abala 130 òfin FCCPA ọdún 2018 ní ẹni tó gba ohun ìní oníbàárà fún iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá a padà, ó kéré tán, bó ṣe gbà á. Àjọ FCCPC la ń fẹjọ́ sùn.

Ẹ̀rí ńkọ́? Mi ò gba rìsíìtì. Ta ló ń bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò, tí ò ní rò pé a pe òun lólè? Alẹ́ẹ̀tì owó tí mo fi ránṣẹ́ àti WhatsApp tó fi ní "Ó ti ṣetán" ló kù. Àwọn ni mò ń kó lọ.