Omi Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀

"Ṣebí wọ́n ti fa omi sí i lára?" Ohun tí ẹ̀gbọ́n olóògbé ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé wá kí wọn nìyẹn, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá àbúrò rẹ̀ lórí ọ̀kadà ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Áńbúláǹsì tètè dé. Wọ́n di ojú egbò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n so ọ̀rá omi kọ́ sókè. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Ní báyìí, àwọn kan ní nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ ló sun lé e lórí, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀rọ̀ náà sú mi.

Ta ló sọ fún wa pé omi lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀? Orí fọ́ wa, a ní kí wọ́n fa omi sí wa. Ó rẹ̀ wá lẹ́yìn ìnáwó, omi náà ni. Bí a bá ti rí ọ̀rá tó ń kán tó, tó, lókè orí aláìsàn, ọkàn wa a balẹ̀. Ẹni tó ń bì tó sì ń ṣu gan-an ni omi yẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn tí a ń mí dé ọpọlọ. Omi ò lè gbé e. Bí omi bá sì ṣe ń pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó kù ń ṣàn, kò ní lè dì lójú egbò mọ́. Ìyàwó ilé tí ọbẹ̀ rẹ̀ dà nù, tó bu omi kún ìyókù: ìkòkò kún lóòótọ́, ṣé ọbẹ̀ ló wà ńbẹ̀? Mẹkáníìkì tó da omi sí ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ ti jò tán, ṣé ẹ máa sanwó fún un? Ẹlẹ́mu tó bu omi lu ẹmu, olè là ń pè é. Ó wá kan ẹ̀jẹ̀ ọmọ èèyàn, a ní ṣebí wọ́n ti fa omi!

Àwọn tó fa omi ọ̀hún ò jẹ̀bi. Ohun tó wà nínú ọkọ̀ wọn nìyẹn. Àgbàlagbà ní bíi lítà ẹ̀jẹ̀ 5 lára. Bí 2 bá ti ṣòfò sórí títì, ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó pàdé rẹ̀ lọ́nà. Lọ́dún 1936, nígbà ogun abẹ́lé Spéènì, dókítà ará Kánádà kan, Norman Bethune, ti ń fi ọkọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ inú ìgò lọ bá àwọn tó fara gbọgbẹ́. Láti 2012 ni hẹlikópítà pàjáwìrì London ti ń gbé e. Ní San Antonio, ní Texas, láti 2018, paramedic, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ló ń fà á sí aláìsàn lára nínú áńbúláǹsì. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà nìyí: àpótí olótùútù, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ẹ̀jẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó wọ ara, ẹ̀jẹ̀ group O tó bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu, àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Kí ìjọba kọ́ àwọn tiwa, kí wọ́n fún wọn láṣẹ. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ inú àpótí ọ̀hún ńkọ́, ta ló fẹ́ fi í sílẹ̀? Mo bi àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tó jókòó lábẹ́ kánópì nílé olóògbé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rí, ó ní ọsibítù ló ká òun mọ́ nígbà tí ìyàwó òun ń rọbí. Òmíràn ní wọ́n á fi tòun ṣoògùn owó. Ẹ̀fọn ń mu tirẹ̀ lálaalẹ́, kò fẹjọ́ ẹ̀fọn sùn.

Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í lò ju ọjọ́ 42 lọ nínú fíríìjì, kò ṣeé fi pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pé ọdún 18, tẹ́ ẹ wọn kílò 50, tára yín sì le, ẹ lọ sí bánkì ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọn ò ní gbà tó ìdajì lítà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ọkùnrin padà lọ. Kí obìnrin lo mẹ́rin. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kẹ́ ẹ sì mu omi dáadáa. Ibẹ̀ yẹn ni omi ti wúlò.