Ta Ló Ní Iṣẹ́ Ìwé Ìròyìn Ìlú Kékeré Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Gidi?



Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Wọ́n ní ẹni tí ìwé ìròyìn ńlá l'Ékòó àti l'Ábújá kò gbà síṣẹ́ ló ń bá ìwé ìròyìn ìlú kékeré ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí ló wà nínú rẹ̀ ju ìwúyè, òkú àgbà àti ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ lọ? Bàbá ń fi dá ọmọ lẹ́kun. Àwọn akọ̀ròyìn olú-ìlú ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ ni, ẹ̀rí la ó sì fi tú u palẹ̀.

Ìtàn ló kọ́kọ́ já wọn nírọ́. Ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, Èkó kọ́ ló ti jáde, Abẹ́òkúta ni. Lọ́dún 1859 ni Henry Townsend, àlùfáà ìjọ CMS, gbé Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Ó di ọdún 1863 kí Robert Campbell tó gbé Anglo-African jáde l'Ékòó. Nígbà tó di 1924, D. A. Ọbasá dá The Yoruba News sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ọbasá yìí kan náà ló tẹ Ìwé Kíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, tí orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ láàárín àwọn akéwì Yorùbá títí di òní. Bí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ìlú bá jẹ́ ti aláìmọ̀ọ́ṣe, kí la ó wá pe Ọbasá?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nílé iṣẹ́ ńlá, ẹni tó ń kọ̀ròyìn kóòtù kì í kọ ti bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn ló ń ya fọ́tò, ẹlòmíràn ló ń wá ìpolówó ọjà. Nílùú kékeré, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó jókòó sí kóòtù ìbílẹ̀ láàárọ̀ ni yóò lọ sí káńsù lọ́sàn-án. Òun náà ni yóò gba ìkéde òkú lọ́wọ́ ẹbí nírọ̀lẹ́, tí yóò tò ó sójú kọ̀ǹpútà, tí yóò sì wọ mọ́tò lọ bá àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú. Òkè òkun ni bébà ti ń wá, torí ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Oku Iboku ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́. Bí náírà bá ti ń já, ojú ìwé ń dín kù nìyẹn. Fẹ́ńdọ̀ ní tirẹ̀, iye tó bá tà nìkan ló ń sanwó rẹ̀. Ìyókù, á kó o padà fún ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà.

Síbẹ̀, wàhálà kékeré nìyẹn. Èyí tó le jù ni kéèyàn máa bá ẹni tó ń kọ nípa rẹ̀ gbé. Akọ̀ròyìn Èkó tó bá tú àṣírí alága káńsù yóò wọ mọ́tò padà sílé. Ní ti akọ̀ròyìn ìlú, alága yẹn lè jẹ́ àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Bó bá kọ orúkọ ọmọ kejì ṣáájú ti àkọ́bí nínú ìkéde òkú, ẹbí yóò ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló ń sọ wọ́n di ojo: wọ́n á gba owó mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, wọ́n á fi fọ́tò Kábíyèsí bo ojú ìwé iwájú. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé ìlú kékeré nìkan ni wọ́n ti ń gba owó mọ́tò? Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò pàdé ẹni tóun kọ nípa rẹ̀ lọ́jà lọ́la, ó di dandan kó wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa ju ẹni tí kò ní fojú kàn án mọ́ lọ.

Ẹ wo Storm Lake, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Iowa l'Ámẹ́ríkà. Lọ́dún 2017, The Storm Lake Times ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀dà bí 3,000 péré. Ẹbí kan ló ń ṣe é nígbà náà: John Cullen ló dá a sílẹ̀, Art àbúrò rẹ̀ ni olóòtú, ìyàwó Art ń ya fọ́tò, ọmọ wọn ń kọ ìròyìn. Lọ́dún 2015, iléeṣẹ́ omi ìlú Des Moines pe ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta lẹ́jọ́, ti Storm Lake wà lára wọn, nítorí ajílẹ̀ tó ń ṣàn láti oko wọnú odò. Ìwé ìròyìn yìí béèrè pé: ta ló ń sanwó lọ́yà àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà? Àwọn aláṣẹ ò fẹ́ sọ. Àwọn ẹgbẹ́ alágbára tó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń dá owó náà. Àgbẹ̀ ló yí Storm Lake ká, síbẹ̀ Art Cullen ò dákẹ́. Lọ́dún 2017, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer, èyí tí àwọn ìwé ìròyìn ńlá Amẹ́ríkà ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn á ní WhatsApp ti gba iṣẹ́ náà. WhatsApp ń gbé ọ̀rọ̀ kiri lóòótọ́, kì í wádìí rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún gbogbo wa láǹfààní láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, ọjọ́ méje ló sì fún ọ́fíìsì náà láti fèsì. Nínú gbogbo àwọn admin ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò yín, èwo ló ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí?

Nítorí náà, ẹ ra ìwé ìròyìn ìlú yín. Ẹ sanwó ìkéde yín kó tó jáde. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ yé fi dandan béèrè ojú ìwé iwájú. Bí ọmọ yín bá sì ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ bi í bóyá ó lè kọ òtítọ́ nípa aládùúgbò rẹ̀, kó sì tún jí kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ ó lọ.