Gbèsè Tí Yunifásítì Jẹ Ọmọ Tí Kò Tíì Wọlé

Ní SS1 ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń bi àwọn ọmọ wa pé: sáyẹ́ǹsì ni, àbí áàtì, àbí kọmáṣà? Ọmọ náà lè má tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá mú lọ́jọ́ náà ló máa pinnu ohun tí yóò lè kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Nílé tí bàbá tàbí ìyá ti lọ sí yunifásítì, wọ́n á pe ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ ayàwòrán-ilé tàbí apoògùn kó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Nílé tí kò ti sí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ibẹ̀ ló yẹ kí yunifásítì fúnra rẹ̀ jáde lọ bá, kó má jókòó de ẹni tó bá mọ̀nà wá.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Òfin tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní 1964 láti gbógun ti òṣì ló bí ètò tí wọ́n ń pè ní Upward Bound. Ìjọba àpapọ̀ ń gbé owó kalẹ̀, yunifásítì sì ń ṣe iṣẹ́ náà láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ aláìní tí òbí wọn kò gba digirì.

Òfin ka ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ wọn: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì inú láàbù, àròkọ, lítíréṣọ̀, èdè ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìgbà ìsinmi gígùn ni ètò náà dùn jù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ti lọ sílé, họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣófo, àwọn ọmọ yìí á wá kó wọlé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n á sùn níbẹ̀, wọ́n á jẹun níbẹ̀, wọ́n á ṣìnà kí wọ́n tó rí láàbù, wọ́n á bá olùkọ́ jiyàn. Lójú tèmi, kò sí àsọyé tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ti fọ aṣọ rẹ̀ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kò ní máa rò mọ́ pé ọmọ olówó nìkan ló ni ibẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ní agbaninímọ̀ràn, tó ń mú wọn mọ oríṣiríṣi iṣẹ́ tó wà láyé, tó sì ń béèrè bí ilé ti rí. Èyí kì í ṣe àfikún lásán. Ọmọ tí ebi ń pa, tàbí tí òbí rẹ̀ ń jà mọ́jú, ìṣirò wo ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lórí? Òfin gbà kí wọ́n fún wọn lówó àpò pàápàá, tí kò gbọ́dọ̀ ju 60 dọ́là lóṣù nígbà ìsinmi. Kò pọ̀, àmọ́ ó lè san owó ọkọ̀. Viola Davis, òṣèré tó gba Oscar, tó tòṣì dàgbà ní Rhode Island, gba inú ètò yìí kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ ètò náà tàn yín jẹ. Ìjọba ní kí wọ́n yẹ ètò náà wò, wọ́n sì fi ìbò yan àwọn tó wọlé àti àwọn tí kò wọlé kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, ìyàtọ̀ tó hàn nínú iye àwọn tó ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn girama kò tó nǹkan. Àwọn tó jàǹfààní jù ni àwọn tí kò rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn lè gba digirì. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gba apá yìí gbọ́. Nílẹ̀ wa, tí ètò kan bá dé ilé ẹ̀kọ́, olórí akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń gba ipò kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń fà síwájú, àwọn tí yóò rọ́nà lọ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀.

Pé kí yunifásítì jáde lọ bá àwọn ọmọ kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ lọ́tọ̀. Èsì rẹ̀ dára, títí kan ti Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹ kíyè sí ọdún mẹ́fà yẹn. Kì í ṣe ọjọ́ kan tí wọ́n gbé bánà wá, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n sì pín bisikíìtì.

Lóòótọ́, ìyanṣẹ́lódì ti da kàlẹ́ńdà àwọn yunifásítì wa rú débi pé kò rọrùn láti mọ ìgbà tí họ́sítẹ́ẹ̀lì yóò ṣófo. Nítorí náà, Sátidé ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí. Kí wọ́n kó ọmọ JSS3 ogún wá sí láàbù àti ilé ìkàwé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n má sì fi wọ́n sílẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe WAEC. Tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kọ orúkọ, kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ kọ ti àwọn tó ti ń sọ pé ìwé kì í ṣe tàwọn.