Bísímílàhì Kì Í Ṣe Lọ́fínńdà

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, ìjà náà sì jẹ́ olójú méjì. Mo fẹ́ bá àwọn àgbà jà, mo sì fẹ́ bá àwọn ọmọ jà, lórí àwo orin kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwo orin kò yẹ ní ohun tí à ń fi ìwé ẹgbẹ́ sọ, kó fara balẹ̀ kí n rò fún un bí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2001, a ṣe wòlímà fún ọmọ àbúrò mi obìnrin tó parí Àlùkùráánì. Lèmọ́mù àdúgbò wa wà níbẹ̀, àwọn ìyá àsàlátù náà wá nínú aṣọ funfun báláú. Nígbà tí wáàsí parí, tí wọ́n ń pín oúnjẹ, àbúrò ọmọ náà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 lọ ti síìdì kan bọ inú ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún tí a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń ka Bísímílàhì, ó sì kà á tán pátá. Lèmọ́mù gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlùhàmúdù lílàhì, orin àwọn Mùsùlùmí Amẹ́ríkà rèé." Ìyá kan ní kí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Wọ́n yí i sókè. Orin kìíní kọjá, ìkejì kọjá, ìkẹta kọjá. Ìkẹrin dé. N kò ní í kọ orúkọ orin ìkẹrin náà síhìn-ín, nítorí àwọn ọmọdé ń ka ìwé yìí. Ìdí obìnrin ni wọ́n fi sọ orin náà lórúkọ. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jókòó nítòsí ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ yé ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Ó sáré pa á bí ẹni ń pa paramọ́lẹ̀.

Lèmọ́mù béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún un. Ó ní kí wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n fọ́ ọ lójú gbogbo wa. Gbólóhùn kan péré ni ọmọ náà sọ, "Ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́ ọ pé ó ṣe Bísímílàhì." Ó jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko ni kò fi bá wa kírun ní mọ́sálásí yẹn mọ́.

Nítorí ọdún mẹ́ta yẹn ni mo ṣe lọ wá àwo náà rà. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwa tó wà níbi wòlímà yẹn kò ṣe.

Orúkọ àbísọ olórin náà ni Dante Smith. Ní Brooklyn, nínú ìlú New York, ni wọ́n ti bí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, ọdún kan náà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dá hip hop sílẹ̀ ní Bronx, ní ìhà kejì ìlú náà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe àlùwàlá nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13. Nígbà tó di ọmọ ọdún 19 ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe kálímà ṣàhádà. Mos Def ni ayé mọ̀ ọ́n sí nígbà náà. Láti nǹkan bí ọdún 2012 Yasiin Bey ló ń jẹ́, kò sì sí ọmọ ilé-kéwú kan nílẹ̀ wa tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ibi tí Yásíìn ti wá fún.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí dúdú Amẹ́ríkà kò kàn wá. Nígbà tí Malcolm X wá sí Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ló sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé. A kì í sọ àlejò lórúkọ tán ká tún sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Black on Both Sides ni àwo náà ń jẹ́. Ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, orin 17 ló wà nínú rẹ̀. Ìlù orin kìíní, èyí tó mú Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín, inú àwo Fẹlá ni wọ́n ti gé e, àwo tí Fẹlá ṣe ní ọdún 1977. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun: Fẹlá ọmọ Abẹ́òkúta, tó kọrin ní ọdún 1978 tó fi bú àwa àti àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì pọ̀, òun ni ìlù rẹ̀ wá di ẹní tí wọ́n tẹ́ fún Bísímílàhì ní New York.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Lèmọ́mù ì bá gbọ́ ká ní wọn kò fọ́ àwo náà. Orin kan wà níbẹ̀ tó dá lórí omi nìkan, lórí bí omi tí Ọlọ́hun fi fún gbogbo ẹ̀dá lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe ń bàjẹ́, tó sì ń di ọjà lọ́wọ́ àwọn olówó. Ẹni tó bá ń ra omi inú ọ̀rá ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù méje kò nílò ògbufọ̀ kó tó mọ ohun tó ń wí. Orin mìíràn wà tí wọ́n pè ní Mathematics. Òǹkà ló fi ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́ àti ẹ̀wọ̀n bí ẹni ń ka owó sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìkẹta wà tí wọ́n pè ní Umi Says. Ní èdè Lárúbáwá, ìyá mi ni "umi". Ìmọ̀ràn tí ìyá, bàbá àti àwọn àgbà fún ọmọ ni orin náà dá lé. Ìyá àsàlátù wo ni kò ní í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ irú èyí? Òun fúnra rẹ̀ ló ta jìtá nínú àwọn orin kan. Iṣẹ́ tí ènìyàn fara balẹ̀ ṣe ni.

Báwo wá ni orin ìkẹrin ṣe di ẹni tó ń sáré ṣáájú gbogbo wọn? Ibí yìí ni ọjà ti wọlé.

Rawkus ni ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde. Àwọn ọ̀dọ́ méjì ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n James Murdoch, ọmọ Rupert Murdoch oníwèé-ìròyìn, ló fi owó tì wọ́n lẹ́yìn, ní ìgbẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń pariwo nígbà náà pé orin tó lọ́gbọ́n nínú, tí kì í sá tẹ̀ lé owó, ni Rawkus ń ṣe. Ó dára. Àmọ́ nígbà tí àsìkò tó láti fa ojú oníbàárà mọ́ra, wọ́n ṣe bí ẹlẹ́ran ti ń ṣe tó bá gbé itan tó sanra jù kọ́ síwájú ìsọ̀. Nínú orin 17, èyí tí wọ́n sọ ní orúkọ ìdí obìnrin ni wọ́n yọ síta láti fi ta ìyókù. Mathematics ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn àwo kékeré náà. Ẹ yí i wò lọ́wọ́ yín: ìdí lójú, ọgbọ́n lẹ́yìn. Ọjà náà sì tà. Àwo ńlá dé ipò 25 nínú ìwé Billboard, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 wọ́n ti fún un ní àmì wúrà tí wọ́n ń fún àwo tó bá tó 500,000. Àwọn ayẹ̀wò-orin-wò yìn ín, wọ́n ṣì ń yìn ín títí di òní.

Àwọn ọmọ á sọ pé, "Bàbá, ẹ kò gbọ́ orin ìkẹrin yẹn dáadáa, ìtàn ọkùnrin tí arẹwà obìnrin tàn jẹ ni, ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀." Mo gbọ́ ọ dáadáa. Lóòótọ́ ni obìnrin náà lọ, tí ó fi ọkùnrin sílẹ̀ pẹ̀lú àbámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Kò sí ẹni tó ra àwo kékeré yẹn nítorí àbámọ̀.

Ibí ni mo ti fẹ́ mú ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ti sọ Bísímílàhì di lọ́fínńdà. Tí ohun kan bá ń rùn, ẹ fọ́n ọn sí i, ẹ ní ó ti dára. Ẹ ṣe Bísímílàhì sí òkú-ńbete nígbà ọgọ́rùn-ún, ṣé ó máa di haláálì? Òkú-ńbete náà ni yóò máa jẹ́. Orúkọ Ọlọ́hun lẹ́nu ọ̀nà kò sọ gbogbo yàrá inú ilé di mímọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi í bẹ̀rẹ̀ ti gbé ara rẹ̀ sórí ìwọ̀n ni, a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí a kò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe é. Nítorí náà orin ìkẹrin náà burú lára mi ju bí ì bá ti burú lọ ká ní ẹnu aláìgbàgbọ́ ló ti jáde.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yín ló kàn.

Ẹ ní gbogbo ráàpù pátá hàráàmù. Èmi kì í ṣe mùfútì, ọ̀rọ̀ ohun èlò orin sì rèé, àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí rẹ̀ láti ayébáyé, n kò ní í parí rẹ̀ nínú ewé méjì. Ṣùgbọ́n ewì ni ráàpù kó tó di ohunkóhun. Súrà kan wà nínú Àlùkùráánì, ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àwọn akéwì. Ẹ máa ń ka ìbáwí tó wà níbẹ̀ fún wa ní wáàsí. Kí ló dé tí ẹ kì í kà á dé òpin, níbi tí Ọlọ́hun ti yọ àwọn tó gbàgbọ́ tí wọ́n sì ń ṣe rere sọ́tọ̀? Ta ni Hassan ọmọ Thabit, bí kì í bá ṣe akéwì tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lò láti fi dá àwọn ọ̀tá lóhùn? Ẹ kò yọ orin omi sọ́tọ̀ kúrò lára orin ìdí. Òòlù kan náà lẹ fi fọ́ méjèèjì, ọmọ náà sì rí i pé ẹ kò gbọ́ ohun tí ẹ ń dá lẹ́jọ́.

Ẹ tún wo ohun tí olórin náà fi Bísímílàhì rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Ní ọdún 2001, orin ìyá tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, Umi Says, ni Nike fi polówó bàtà Jordan. Ìmọ̀ràn ìyá di ìpolówó bàtà, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2013, bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti ń bẹ̀rẹ̀, ó gbà kí wọ́n so òun mọ́ àga níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, kí wọ́n ti rọ́bà bọ òun nímú bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n Guantánamo tó kọ̀ láti jẹun. Kò lè fara dà á títí dé òpin. Ó sunkún, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a dúró. Gbogbo ayé rí ohun tí ojú àwọn Mùsùlùmí inú ẹ̀wọ̀n náà ń rí. Mélòó nínú àwa tó fọ́ àwo rẹ̀ ló dá orúkọ Guantánamo nínú wáàsí ọdún yẹn?

Èyí tó wá bí mi nínú jù lọ, ilé wa níhìn-ín ló wà. Inú wéré ni fújì ti jáde, inú orin tí a fi ń jí ara wa fún sààrì. Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí Síkírù Àyìndé Barrister ṣe lórí rẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ọ̀pọ̀ àwo fújì tó ń jáde lóde òní. Àúsù bíllàhì ló máa ń ṣíwájú, àdúrà á tẹ̀ lé e, àwọn àáfà á gba oríkì tiwọn, kásẹ́ẹ̀tì kò ní í tíì dé ìdajì tí bàtà yóò fi máa lu ìdí obìnrin ní orúkọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò fọ́ wọn rí. Nítorí pé èdè wa ni, a jókòó, a ná owó fún wọn, a sì mú ọmọ lọ síbẹ̀. Olórin Brooklyn ṣe orin kan nínú 17, a ní ó ti ba ayé jẹ́. Tiwa ń ṣe é lọ́dọọdún, a ń pè é ní Alhaji.

Ọmọ tó jáde ní wòlímà ọdún 2001 ti di bàbá ọmọ mẹ́ta báyìí. Ó ti padà sí mọ́sálásí, àmọ́ kì í ṣe tiwa. Òun ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọmọ òun àgbà fẹ́ parí Àlùkùráánì, ó sì bi mí bóyá a óò wá. Mo ní a óò wá. Ó ní àwọn àna òun ti fẹ́ gbé onífújì kan wá, kí ni mo rí sí i? Mo ní kó lọ ra àwo ọkùnrin náà, kó gbọ́ ọ tán, orin ìkẹrin, orin ìkarùn-ún, títí dé ìkẹyìn, kó tó fún un ní owó àsansílẹ̀ kankan.