Kí Ẹ Tó Ra Àpótí Gbohùngbohùn

Ní oṣù yìí, a ó fi ọ̀rọ̀ ìkòkò àti aṣọ ọmọ sílẹ̀ díẹ̀, kí á lè yẹ ohun èlò kan wò tí ó ti ń wọ inú ilé wa láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa mọ bí a ṣe ń yàn án. Ní àdúgbò wa ní Abúlé Ẹ̀gbá níhìn-ín, ó ṣòro kí ènìyàn rìn gba òpópó mẹ́ta kọjá ní ọjọ́ Sátidé kí ó má gbọ́ kíbọ́ọ̀dù nínú ilé kan. Ọmọ ń kọ́ ọ kí ó lè tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ń fi dánrawò, ìyá ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní orin. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sì ti wà nínú tẹlifóònù ọwọ́ wa. Nítorí náà, ilé tí ó bá ní kíbọ́ọ̀dù kì í pẹ́ di ilé tí a ti ń gba orin sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé ohùn náà gbẹ jù, pé ó yẹ kí á ra reverb.

Reverb yìí ni mo pè ní àpótí gbohùngbohùn. Àpótí kékeré ni, tí a ń fi wáyà so mọ́ kíbọ́ọ̀dù tàbí máìkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ohùn dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni a ti ń kọrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni a jókòó sí. Kì í ṣe ohun tí a ń fi owó ọbẹ̀ rà. Èmi pẹ̀lú ti ra ọ̀kan rí, ohun tí ó sì ná mi kì í ṣe owó nìkan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún yín.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé fún oṣù mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ní àràárọ̀, bí Màmá bá ti wẹ ọmọ tán, tí wọ́n sì ti fi òrí pa á lára, wọn a gbé e lé itan, wọn a sì máa ki oríkì rẹ̀ láti orí àwọn baba ńlá rẹ̀ títí dé orí òun fúnra rẹ̀. Mo pinnu pé n ó gba oríkì náà sílẹ̀, kí ọmọ lè gbọ́ ọ nígbà tí ó bá dàgbà, n ó sì fi ohùn kíbọ́ọ̀dù díẹ̀ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Mo mú owó àjọ tí mo kó, mo fi ra àpótí gbohùngbohùn kan.

Ní ọjọ́ kan, ní kùtùkùtù, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí ọkọ̀ sì tó pọ̀ ní títì Èkó sí Abẹ́òkúta, mo gbé máìkì síwájú Màmá, mo so ó mọ́ àpótí náà, mo sì yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sókè. Létí mi, ó dún bí ẹni pé inú kàtídírà ni a wà. Inú mi dùn lọ́pọ̀lọpọ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé ohùn mi nìyí? Ó dà bí ẹni pé inú kànga ni mo ti ń sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. N ó tún un ṣe."

Ṣùgbọ́n kò ṣeé tún ṣe. Gbohùngbohùn ti wọ inú ohùn náà kí ó tó dé inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń gun orí ọ̀rọ̀ kejì, orúkọ àwọn baba ńlá sì dà pọ̀ di ariwo. A fi àdéhùn sí i pé a ó tún un gbà nígbà tí Màmá bá tún wá. Màmá kò tún wá mọ́. Wọ́n papòdà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Títí di òní, bí mo bá tan ohùn yẹn fún ọmọ mi, yóò béèrè pé, "Mọ́mì, kí ni Màmá Àgbà wí níbẹ̀ yẹn?" Ó ní ibi tí èmi pẹ̀lú kò lè dá a lóhùn.

Àpótí náà kò bàjẹ́, ẹni tí ó tà á fún mi kò sì rẹ́ mi jẹ. Àìmọ̀ mi ni ó fà á. Mo ń kọ èyí kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

KÍ NI ÀPÓTÍ NÁÀ Ń ṢE?

Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá òfìfo. Ẹ tún pa á nínú balùwẹ̀ tí a fi táìlì ṣe ògiri rẹ̀, kí ẹ sì tún pa á nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì kún. Ẹ ó rí i pé ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá lu ògiri líle, yóò padà, yóò lu ògiri kejì, yóò tún padà. Aṣọ àti tìmùtìmù ní tiwọn a máa gbé e mì. Ìdí nìyí tí ìró fi lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ṣùgbọ́n tí kì í tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan nínú pálọ̀ wa tí àga kún.

Ní àtijọ́, yàrá òfìfo gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ ń lò fún iṣẹ́ yìí. Àwọn mìíràn lo sípíríńgì, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀gán Hammond ti Amẹ́ríkà. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ EMT ní Jámánì gbé EMT 140 jáde, irin pẹlẹbẹ ńlá kan tí a gbé kọ́ sínú àpótí onígi, tí ìwọ̀n rẹ̀ súnmọ́ kílò 270. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gbé EMT 250 jáde, èyí tí ó ń fi ìṣirò ṣe ohun tí irin ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn àpótí tí a ń rí lọ́jà lónìí, tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, ìran èyí ni wọ́n.

Ẹ KỌ́KỌ́ WO INÚ ILÉ

Ìyàwó ilé tí ó mọ ìṣúnná owó kì í ra ata kí ó tó wo inú agbọ̀n. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíbọ́ọ̀dù ilé ni ó ti ní reverb tirẹ̀ nínú. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà lójú kíbọ́ọ̀dù yín tàbí nínú ìwé tí ó bá a wá. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ẹ fi ń gba orin sílẹ̀, ètò Audacity, tí a kì í san owó fún, ní reverb pẹ̀lú.

Ta ni ó wá nílò àpótí? Ẹni tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti pẹ́ tí kò sì ní reverb nínú. Ẹni tí ń kọrin tí ó sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lójú agbo láìsí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àti ẹni tí ń fi orin wá owó, tí àpótí náà yóò sì dá owó ara rẹ̀ padà. Bí ẹ kò bá sí nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ fi owó náà pamọ́.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ẹ Ó YẸ̀ WÒ LỌ́JÀ

Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́ tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ mú wáyà àti hẹ́dífóònù tiyín lọ. Bí kíbọ́ọ̀dù yín bá ṣeé gbé, ẹ gbé e dání.

Èkínní ni iná. Iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí fóòtì 230, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Ẹ ka ohun tí a kọ sẹ́yìn àpótí kí ẹ tó kì í bọ iná, nítorí ìṣẹ́jú kan ti tó láti jó o. Bí ó bá ń lo adápítọ̀, ẹ wo ohun mẹ́rin: iye fóòtì, bóyá DC ni tàbí AC, iye mA, tí ti adápítọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí àpótí ń fẹ́, àti àwòrán kékeré tí ó fi àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná. Ọ̀pọ̀ àpótí ń lo fóòtì 9 ti DC, ṣùgbọ́n àwọn Alesis àtijọ́ kan, bíi Nanoverb, ń lo fóòtì 9 ti AC. Ẹnu adápítọ̀ méjì lè bá ihò kan náà mu, kí ọ̀kan sì ba ẹ̀rọ jẹ́.

Èkejì ni agbára ohùn. Àwọn àpótí kan wà tí a ṣe fún gìtá. Ohùn tí ń jáde nínú kíbọ́ọ̀dù sì lágbára ju ti gìtá lọ púpọ̀, ó lè mú kí irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ha bíi rédíò tí sípíkà rẹ̀ ya. Ẹ béèrè bóyá ó lè gba ohùn tí àwọn oníṣòwò ń pè ní line level.

Ẹ̀kẹta ni ihò. Kíbọ́ọ̀dù sábà máa ń ní ihò ìjáde méjì, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún. Ẹ ka ihò àpótí náà. Yamaha SPX90, tí ó jáde ní 1985, tí a sì ń rí nínú àwọn àlòkù, ihò ìwọlé kan ni ó ní, ìjáde rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹrin ni bọ́tìnnì. Mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù. Decay ni ó ń sọ bí ìró yóò ti pẹ́ tó kí ó tó kú. Pre-delay ni ó ń fi àyè díẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀ àti gbohùngbohùn rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè yé ènìyàn. Mix ni ó ń sọ iye gbohùngbohùn tí a bù mọ́ ohùn gan-an. Àpótí tí ó ní orúkọ gbọ̀ngàn ọgọ́rùn-ún nínú ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa dín mix kù, kò yẹ fún ilé.

Ẹ̀karùn-ún ni etí yín. Ẹ tẹ ohùn kan ṣoṣo lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ yọ ọwọ́, kí ẹ sì fetí sí ìrù rẹ̀. Ó yẹ kí ó máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí èéfín. Bí ó bá ń dún bí ìgbà tí a ń lu páànù, tàbí tí ó ń ṣe "ṣíì" nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ ohunkóhun, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ fi gbohùngbohùn sí i lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bu iyọ̀ díẹ̀ sọ́bẹ̀ lè tún bu sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bu ú jù kò lè yọ ọ́ mọ́. Ní 1973, Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí ilé-iṣẹ́ agbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá fún àwo Band on the Run. Ìpìlẹ̀ àwọn orin náà ni wọ́n gbà sílẹ̀ níbẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí kò lè gbà ju ipele ohùn 8 lọ, kí wọ́n tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti fi àwọn ohun èlò mìíràn kún un. Ohun tí a kò tí ì fi sí orin ṣì ṣeé fi sí i.

Bí ẹ bá ní mixer, ẹ so àpótí mọ́ ihò tí wọ́n kọ send àti return sí, ẹ yí mix àpótí náà dé òpin, kí ẹ sì máa fi bọ́tìnnì mixer wọn iye tí ẹ fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ gbé e sókè títí ẹ ó fi gbọ́ ọ, kí ẹ sì dín in kù díẹ̀. Orin kíbọ́ọ̀dù lásán lè gba púpọ̀, ṣùgbọ́n oríkì, ìtàn àti orin tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ fẹ́ kékeré. Bí yàrá bá ń dún jù, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn kan sẹ́yìn ẹni tí ń kọrin.

NÍ TI OWÓ

Kí tọkọtaya jọ fẹnu kò kí ẹnikẹ́ni tó náwó sí i. Mo ti rí ilé tí àpótí orin di ìjà nítorí pé owó ilé-ìwé ọmọ ni a fi rà á. Ẹ kọ owó àpótí, adápítọ̀, wáyà àti owó ọkọ̀ sílẹ̀ lápapọ̀, nítorí pé àwọn kékeré yìí ni ó máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ dúró.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró dè. Bí ìyá yín tàbí ìyá ọkọ yín bá ṣì wà láyé, tí wọ́n sì mọ oríkì ilé, ẹ lọ gbà á sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Tẹlifóònù ọwọ́ yín ti tó. Ẹ wá yàrá tí aṣọ kún, ẹ ti fèrèsé, ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu wọn dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n lè tún èyí tí kò bá dún dáadáa wí.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.